Ẹ̀yìn mọ́tò mi ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́

Mọ́tò mi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ gùn téèyàn lè kó ẹrù jọ sí dáadáa, ó sì ní nǹkan kan lábẹ́ tó máa ń gbé ìdí ẹ̀ sókè fúnra ẹ̀ tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ kó ẹrù wúwo sí bùtù, ìdí á wálẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa rí i tó ń dìde díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí àga. Nítorí nǹkan yẹn ni mo ṣe ra mọ́tò náà, mi ò purọ́.

Mi ò tètè mọ̀ pé ó ti bà jẹ́ torí iwájú ni mo máa ń jókòó, àwọn tó wà lẹ́yìn ló ń jẹ̀yà. Ọmọ mi obìnrin ló ń sọ pé "Dádì, ẹ̀ ń sáré jù" tí eré mi ò sì tíì tó 40 kìlómítà ní wákàtí pàápàá. Lọ́jọ́ kan mo ní kí ìyàwó mi wà á, èmi jókòó sẹ́yìn. Háà! Kòtò kékeré tí táyà iwájú gbà kọjá wẹ́rẹ́, tẹ̀yìn gbá mi nídìí gbàù, ó tún wá ń fò lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó fara balẹ̀.

Táyà ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo wọn atẹ́gùn inú ẹ̀, ó pọ̀ jù díẹ̀, mo dín in kù, kò yí nǹkan kan padà. Mẹkáníìkì kan wò ó, ó ní ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn irin gbọọrọ tó máa ń dá fífò mọ́tò dúró, ti kú, ká ra méjì. Mo dúpẹ́ pé mi ò sáré náwó yẹn ṣá, torí ohun tó jọ ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn mọ́tò yìí kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì rárá.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ óò kàn máa tú nọ́ọ̀tì kiri ni. Sípíríǹgì irin ṣì wà níbẹ̀, òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù. Nǹkan gbọọrọ tó jọ ṣọ́ọ̀kì yẹn, ọ́ìlì ló kún inú ẹ̀, páńpù kan tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń ti ọ́ìlì yẹn lọ sẹ́yìn láti inú agolo kan níwájú. Fáàfù wà láàárín, ọ̀pá tín-ín-rín kan so ó mọ́ irin sítábíláísà, ìyẹn irin tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ tòsì, tí ìdí mọ́tò bá lọ sílẹ̀ ọ̀pá yẹn á yí fáàfù, ọ́ìlì á wọlé, mọ́tò á dìde, tó bá ga jù fáàfù á dá ọ́ìlì padà sínú agolo. Ti gíga nìyẹn. Àmọ́ ọ́ìlì kì í fún pọ̀ o, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí kó rẹ̀ yín, kò ní kéré, tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà níbẹ̀ ìdí mọ́tò á le bí òkúta. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù irin kan fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, rọ́bà pín inú ẹ̀ sí méjì, ọ́ìlì wà lápá kan, gáàsì náítírójìn wà lápá kejì. Táyà bá gun nǹkan, ọ́ìlì á sá wọnú bọ́ọ̀lù, gáàsì á fún pọ̀, á tún tì í padà, ọ̀nà tóóró tí ọ́ìlì ń gbà lọ gbà bọ̀ ló ń pa fífò yẹn. Ilé iṣẹ́ mọ́tò Citroën ní ilẹ̀ Faransé ló gbé ọgbọ́n ọ́ìlì àti gáàsì yìí sábẹ́ mọ́tò lọ́dún 1954, ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí, kí mọ́tò wọn tó ń jẹ́ DS tó dé lọ́dún 1955 pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Gáàsì yẹn ò sì lè wà níbẹ̀ títí ayé. Ó ń gba ara rọ́bà sá lọ díẹ̀díẹ̀, tàbí kí rọ́bà fúnra ẹ̀ ya.

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé gíga mọ́tò ò yẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti pẹ́ nídìí irú mọ́tò yìí, mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn ń fò o, ṣùgbọ́n kò lọ sílẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní "O ti dá ara ẹ lóhùn tán. Ṣá wọ̀n ọ́n ná, kó ẹrù sí i, tún wọ̀n ọ́n, kó o tó fọwọ́ kan sípánà."

Mo wọ̀n ọ́n láti àárín táyà dé etí bọ́dì, 38 sẹ̀ǹtímítà lápá ọ̀tún, 38 lápá òsì. Mo kó bíi kílò 150 sí bùtù, ó wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, mo tan ẹ́ńjìnnì, láàárín bí ìṣẹ́jú kan ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí 38. Páńpù yè, fáàfù yè. Mo wá kó ẹrù kúrò, mo fi gbogbo ara jókòó sí etí bùtù, mo ń ta ara mi sókè sílẹ̀ bí ọmọdé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Fífò tí mò ń gbọ́ lójú títì, táyà ló ń fò bíi bọ́ọ̀lù, torí kò sí nǹkan mìíràn tó lè rọ̀ níbẹ̀ mọ́.

Ó ku kí n rí i dájú pé kì í ṣe nǹkan gbọọrọ tó jọ ṣọ́ọ̀kì yẹn ló há. Mo wa mọ́tò sórí kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún títún ọkọ̀ ṣe, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fi rọ́bà tóóró sí ẹnu nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń tú ọ́ìlì lára fáàfù, mo ki ẹnu kejì bọ ìgò, mo rọra tú u. Ọ́ìlì ń ṣàn, ìdí mọ́tò ń lọ sílẹ̀. Àṣé mo ti gbé tọ́ọ̀ṣì mi sórí táyà lábẹ́ bọ́dì, mo kàn gbọ́ kra! ó ti fọ́. Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń tú u, ẹ má sì tú páìpù kankan láìjẹ́ pé ẹ ti tú agbára ọ́ìlì sílẹ̀ ná.

Bí ọ́ìlì ṣe tú tán, mo tún lọ tẹ ìdí mọ́tò, ó wá rọ̀ dẹ̀ẹ̀. Ọ́ìlì ti rí ibi sá sí. Nǹkan gbọọrọ yẹn ò há, bọ́ọ̀lù méjèèjì ló kú.

Títú wọn ló gba àsìkò jù. Nọ́ọ̀tì páìpù ti dípẹtà, sípánà lásán yọ̀ lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo dúró kí etí ẹ̀ má bàa jẹ, mo fín ọ́ìlì ìpẹtà sí i di ọjọ́ kejì, mo wá fi sípánà tí wọ́n ṣe fún páìpù, tó ń di gbogbo ara nọ́ọ̀tì mú. Nígbà tí mo dorí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ kodò, ọ́ìlì tú jáde gbuurugbu, inú ẹ̀ kún dẹ́nu. Èyí tó dáa, gáàsì á ti ti ọ́ìlì jáde, ìwọ̀nba ló máa kù. Èkejì náà rí bẹ́ẹ̀. Méjèèjì ni mo pààrọ̀, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹyọ kan apá kan á rọ̀ apá kan á le.

Ọ́ìlì tó yẹ nìkan ni mo rọ, ẹ má rọ ọ́ìlì bíréèkì sí i láé, á jẹ àwọn rọ́bà inú ẹ̀. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo ń wo agolo, ó ń lọ sílẹ̀ mo ń rọ sí i, mọ́tò dìde. Ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì nígbà tí mọ́tò bá ṣófo ni o, tí ẹrù bá wà nínú ẹ̀ ọ́ìlì ti lọ sẹ́yìn, á dà bíi pé kò tó, ẹ óò wá rọ ọ́ jù.

Mo gba ojú títì kan náà lọ, ìyàwó mi ló tún wà á, èmi lẹ́yìn. Kòtò yẹn náà, gbùù lásán, kò fò. Àmọ́ bí ó ṣe dákẹ́ yẹn ni mo wá ń gbọ́ kó-kó-kó lápá òsì, ó jọ pé rọ́bà ojú sítábíláísà ni, bóyá ọjọ́ pẹ́ tó ti wà níbẹ̀ tí ariwo tó kù bò ó mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mo máa padà sínú kòtò, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tuntun.