Òkè Ìdànrè: Owó Tí A Kọ́kọ́ San, àti Bí A Ṣe Padà Gun Ún Fúnra Wa

Owó ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin san ₦45,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kan tó ń ṣètò ìrìn àjò afẹ́ lọ sí Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àdéhùn wa ni pé ọkọ̀ láti Àkúrẹ́, owó àbáwọlé, afinimọ̀nà, oúnjẹ àti omi ti wà nínú rẹ̀, àti pé a ó ti máa gun òkè ní aago méje àárọ̀. Aago mọ́kànlá ti kọjá kí a tó fẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ẹni tó bá mọ bí oòrùn ṣe ń mú lórí àpáta yóò mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa ju owó lọ.

Ìdí wà tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn wá. Orí òkè yẹn ni wọ́n bí ìyá tó bí ìyá wa sí, kí àwọn ará Ìdànrè tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wá sí ìsàlẹ̀ ní 1923. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ ìtàn ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ lẹ́nu wọn, ẹ̀gbọ́n mi sì ti lé ní ẹni 60 ọdún kí àyè tó yọ fún wọn láti lọ fojú ara wọn rí i.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa bí a ṣe ti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́, nítorí ọ̀nà Ifẹ̀ àti Iléṣà ni gbogbo èèyàn ń gbà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó yẹ kí ó gbé àwa àti àwọn arìnrìn-àjò yòókù ní aago mẹ́fà kò yọjú títí aago mẹ́jọ fi lù. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ wa kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló rán wá, ìyẹn kò sì mọ̀ ju kí ó máa ka orúkọ wa láti inú fóònù lọ.

Nígbà tí a sún mọ́ Ìdànrè, tí àwọn àpáta ńláńlá ti ń yọrí lókè igi, awakọ̀ yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó ní ìdajì owó òun ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó háyà òun, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti jọ ṣàdéhùn pé yóò pé kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, gbé wa débẹ̀ ná. Bí a bá dé, wọn yóò fún ọ lówó rẹ.” Ó fọwọ́ kanlẹ̀ kí ó tó dáhùn: “Ẹ má bínú, mà. Mo ti gbé èrò fún wọn báyìí rí, owó yẹn kò wọlé di òní. Bí mo bá já yín sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè, ó parí nìyẹn.” N kò lè bá a jà. Owó ara rẹ̀ ló fi ra epo, ẹni tó sì ń rẹ́ wa jẹ náà ló ń rẹ́ òun jẹ.

A pe ẹni tó gba owó. Ó ní òun ti fi í ránṣẹ́, kí awakọ̀ máa retí alẹ́ẹ̀tì. Awakọ̀ na fóònù rẹ̀ sí wa kí á wò ó: alẹ́ẹ̀tì tó dé kẹ́yìn, ti owó káàdì tó rà lálẹ́ àná ni. A tún pè, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì ni kò dára. A tún pè, ó gbé e, kò fọhùn. Nígbà tó ṣe, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ní gbogbo àkókò yìí, bàbá kan ń sá kòkó sórí tapólì létí títì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tú u, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ, wọ́n ń wọ́ ọ bọ̀, poro tóóró-tóóró ń yọ láàárín kòkó pupa náà. Wọ́n parí tapólì kan, wọ́n bọ́ sórí èkejì, a ṣì wà níbi tí a wà.

Ohun tó bí mi nínú jù ni bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n rán wá ṣe ń bẹ̀ wá pé kí á ní sùúrù, tí kò sì fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kankan. Èmi ni mo dìde tí mo ní kí á dá owó. Ẹnì kọ̀ọ̀kan dá ₦4,000. Mo kọ orúkọ àti iye tí kálukú dá sínú ìwé, mo ní kí awakọ̀ àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà fọwọ́ sí i, mo sì ya fọ́tò rẹ̀. Mo fi èyí yangàn, nítorí ìwé yẹn ni mo fi lépa ₦4,000 náà títí tó fi padà sọ́wọ́ gbogbo wa. Ní ti oúnjẹ tí a kò rí jẹ àti àárọ̀ tó bàjẹ́, a kò rí kọ́bọ̀ gbà.

Àtẹ̀gùn tó lọ sórí òkè lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀, ẹni tó bá ń rọra gùn ún yóò débẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, òkúta ti mu oòrùn yó, ooru ń ti òkè bọ̀, ó sì ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Ní ibi ìsinmi kẹta, ẹ̀gbọ́n mi jókòó, wọ́n ní òòyì ń kọ́ àwọn. Afinimọ̀nà tó wà pẹ̀lú wa, ọmọ Ìdànrè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ló sọ fún mi pé, “Ẹ má rọ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ kí á sọ̀kalẹ̀.” A sọ̀kalẹ̀. Àwọn yòókù lọ, àwa méjèèjì kò fojú kan ààfin lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó di oṣù Kìíní, a padà lọ, a kò sì fowó lé alágbàtà kankan lọ́wọ́. Mo bá awakọ̀ takisí kan dúnàá-dúrà l'Àkúrẹ́, Ìdànrè gan-an ni a sùn sí, a sì san owó àbáwọlé àti ti afinimọ̀nà fúnra wa. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ti ibùsùn àti oúnjẹ pẹ̀lú, kò tó ìdajì ohun tí a kọ́kọ́ san. Kùrukùru ọyẹ́ kò jẹ́ kí ìlú ìsàlẹ̀ hàn kedere bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n òtútù rẹ̀ ló jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi lè gun òkè láìdákú. Ibi ìsinmi karùn-ún ni wọ́n ti yíjú padà wo ìsàlẹ̀, tí wọ́n pe oríkì ìyá ìyá wa sókè.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ibi tí àtẹ̀gùn parí sí ni ìrìn náà parí sí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà wọ àárín àwọn òkè lọ títí dé ìlú àtijọ́, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní 1896 wà, àti ilé ẹjọ́ ti 1906. Nínú ààfin, òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ní ère ṣì ń bẹ ní àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n mi fi àtẹ́lẹwọ́ pa òpó kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ń bi afinimọ̀nà ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, òun náà kò sì kánjú. Ó mú wa dé ibi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, akọni inú ìtàn Ìdànrè, tó wà lára àpáta, èyí tí ìtàn sọ pé ó máa ń bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu, àfi ti àjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì bá wọn mu. Láti 2007 ni òkè yìí ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Lójú tèmi, ó tọ́ sí i.

Ẹni tó bá ń lọ nígbà òjò, kí ó ṣọ́ ibi tí omi ti ń sun lára àpáta, nítorí ó máa ń yọ̀ gan-an. Kí ó sì wo ilẹ̀ dáadáa kí ó tó gbé ẹsẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀lọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì rí níbòmíràn lágbàáyé. Láti 1963 ni àwọn onímọ̀ kò ti fojú kàn án mọ́, àfi ìgbà tí wọ́n tún rí i ní 2013.

Bí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú yín, ẹ mú ọ̀pá dání. Èémí ni gígùn òkè ń dà láàmú, orúnkún ni sísọ̀kalẹ̀ ń bá jà. Gbogbo ibi ìsinmi ni ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó nígbà tí a ń bọ̀, ó sì pẹ́ ju ìgbà tí a ń lọ. Nítorí náà, kí ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ní kété tí wọ́n bá ṣí i, kí ẹ lè ti kúrò lórí àpáta kí oòrùn tó kan àtàrí.