Òkùnkùn Ló Le Ju Òtútù Lọ: Ìmúra Ọkàn fún Ọ̀gìnnìtìn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni gbogbo ènìyàn máa ń bá àlejò sọ: ẹ ra ẹ̀wù tó nípọn, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló gbé mi ṣubú ní ọ̀gìnnìtìn mi àkọ́kọ́ ní Manchester. Òkùnkùn ni, ẹnikẹ́ni ò sì kìlọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ọyẹ́ la mọ̀ nílé. Ọyẹ́ a máa fẹ́ láàárọ̀, ètè a bó, ṣùgbọ́n tó bá dọ̀sán, oòrùn á ràn. Oṣù yòówù kó jẹ́, nǹkan bí aago 7 nilẹ̀ ń ṣú. Níbí, lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n á dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí 1. Láti ọjọ́ náà, aago Nàìjíríà á fi wákàtí kan ṣáájú tiwa, torí náà ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má baà jí màmá yín lóru. Tó bá fi máa di ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, oòrùn Manchester ò ní yọ títí aago 8 àárọ̀ á fi kọjá, kó sì tó lu aago 4 ìrọ̀lẹ́, ó ti wọ̀.

Ẹni tó ń tọ́jú àwọn arúgbó láti aago 7 àárọ̀ sí aago 7 alẹ́ lè lo odindi ọjọ́ mẹ́rin láìfojú kan oòrùn. Èmi náà lò ó bẹ́ẹ̀. Mo ń sùn, mò ń sùn, tí mo bá jí, ó ṣì ń rẹ̀ mí. Búrẹ́dì àti ìrẹsì nìkan ló ń wù mí jẹ. Mi ò gbé ìpè màmá mi mọ́, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi. Mo pe ara mi ní ọ̀lẹ. Nígbà tó yá, mo rò pé àwọn ayé ló wà nídìí rẹ̀.

Àìsàn táwọn dókítà mọ̀ dáadáa ni. SAD ni wọ́n ń pè é níbí, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń bá ìgbà òtútù wá. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wa wọlé ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Tí ìmọ́lẹ̀ yìí bá dín kù, oorun, oúnjẹ àti inú dídùn lè dàrú pọ̀. Ẹ gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ lọ rí dókítà pẹ̀lú.

Ẹ má dúró dìgbà tí ara bá dá yín gúnlẹ̀ kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín. Ọ̀fẹ́ ni. Kì í ṣe dandan kẹ́ ẹ mú ìwé ìgbélùú tàbí ẹ̀rí àdírẹ́sì wá. Ọ̀pọ̀ nínú yín tilẹ̀ ti san owó ìlera pẹ̀lú físà, £1,035 lọ́dún fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, àfi àwọn tó wá pẹ̀lú físà òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n yọ̀ǹda fún. Ẹ lo ohun tẹ́ ẹ ti san.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni ohun tá a máa ń sọ tá a bá débẹ̀. Àwa a máa sọ pé ara wa ò yá, pé orí ń gbóná, pé àyà ń já. Dókítà á gbọ́ ọ bí ẹ̀fọ́rí, á ní kẹ́ ẹ lo paracetamol, ẹ ó sì padà sílé bẹ́ ẹ ṣe lọ. Ẹ là á mọ́lẹ̀: "Inú mi kì í dùn sí ohunkóhun mọ́, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì." Ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ń sùn, bẹ́ ẹ ṣe ń jẹun. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá ń já yín kulẹ̀, ẹ béèrè ògbufọ̀, wọn ò ní gbowó rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ti pé ọdún 18 lè fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies, ìtọ́jú ọkàn nípa ọ̀rọ̀ sísọ tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ń ṣe, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìjẹ́ pé dókítà kọ̀wé fún un. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Tó bá wá dé ibi tí ẹ̀mí ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ pa ara yín lára, ẹ má dá a gbé o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ pe 111, nọ́ńbà ìlera NHS, kẹ́ ẹ tẹ 2 fún ọ̀rọ̀ ọkàn, tọ̀sántòru ni wọ́n wà níbẹ̀. Samaritans, àwọn tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, wà ní 116 123, ọ̀fẹ́ ni. Tí ewu bá ti wọlé, 999 ni, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Lójoojúmọ́, ẹ jáde síta nígbà ìsinmi ọ̀sán, bí òjò tiẹ̀ ń ṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ìta, kódà pẹ̀lú ìkùukùu, ju ti gílóòbù inú ilé lọ fíìfíì. Ẹ lo fítámì D, máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́. Láti oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, oòrùn ibí ò lágbára tó láti fún awọ ara ní fítámì yìí, NHS sì ń gba àwa aláwọ̀ dúdú nímọ̀ràn pé ká ronú lílò ó yíká ọdún. Ẹ má ṣe ju 100 lọ o, àpọ̀jù rẹ̀ léwu.

Ẹ má sì dá jẹun lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá se ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ pe ẹnì kan wá. Tí ilé bá tutù tí owó gáàsì ò sì tó, ilé ìkàwé ìjọba móoru, wọn ò sì ní bi yín pé kí lẹ wá ṣe.

Lọ́dún kejì, mo kọ àkókò tí oòrùn ń wọ̀ sára ògiri ilé ìdáná mi. Ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì, ọjọ́ ń gùn sí i. Nígbà tí oṣù Kejì ń parí lọ, mo jáde níbi iṣẹ́ ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run ṣì mọ́, mo sì dúró síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbérò, mo pe màmá mi.