Bí mo ṣe tún kíláàsì adìrẹ ẹlẹ́kọ àwọn àgbà ṣe

Ní ilé àṣà tí mo ti ń ṣètò kíláàsì l'Abẹ́òkúta, wákàtí mẹ́ta péré la ń fún adìrẹ ẹlẹ́kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ láfún, tí kì í jẹ́ kí aró wọ ibi tó bá wà, wọ́n á fi ya àwòrán sára aṣọ funfun. Kò ní tíì gbẹ tí a ó fi rì í sínú aró. Ẹ̀kọ á yọ́, àwòrán á dàrú. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì na tirẹ̀ sí mi: "Ẹyẹ ni mo yà o, ọmọ mi. Kí lèyí?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀kọ ló ṣàn jù. A sè é kó ki, ibi pẹlẹbẹ náà ni. Ni mo bá pín kíláàsì sí Sátidé méjì: yíyà lọ́sẹ̀ kìíní, ká sá a títí yóò fi gan, aró lọ́sẹ̀ kejì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún aṣọ o! Jẹ́jẹ́ ni ká fà á jáde, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bíi ewé tútù ló máa ń rí, á sì di búlúù lójú ẹni, ká tó tún rì í.

Àwa náà la ń ra aṣọ òwú báyìí, torí àwọn kan ń gbé pọ́lísítà wá, kì í sì í gba aró ẹlú. Ẹyẹ màmá ti hàn, tòun ti ojú.