Bí Mo Ṣe Yan Alto Saxophone, Tí Mo sì Ń Kọ́ Ọ ní Kubwa

Alto ni mo yàn nínú ẹbí saxophone (láti kékeré dé ńlá: soprano, alto, tenor, baritone), bí mo bá sì tún bẹ̀rẹ̀ lónìí, òun náà ni màá mú. Soprano kéré lójú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í tètè dúró sójú kan lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Baritone wúwo, ó sì wọ́n. Tenor ló kọ́kọ́ ń wù mí nítorí orin Fẹlá, àmọ́ alto fúyẹ́ jù ú lọ, ọwọ́ tètè ń ká a, èémí tó sì ń gbà kò tó ti tenor. Fún èmi tí mo máa ń ti Central Area, àárín ìlú Abuja, bọ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kí n tó dé Kubwa, ọ̀rọ̀ èémí yẹn kì í ṣe kékeré.

Tòkunbọ̀ ni mo rà. Mo bẹ ọ̀gá tó ń fọn saxophone ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé kí wọ́n bá mi lọ, ohun tí wọ́n sì ṣe níbẹ̀ ni màá sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà. Wọn ò wo dídán ara rẹ̀ rárá. Wọ́n ki iná kékeré tó wà lẹ́nu wáyà bọ inú rẹ̀, wọ́n pa iná yàrá, wọ́n wá ń tẹ bọ́tìnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Páàdì aláwọ ló ń dé ihò ara saxophone. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ lábẹ́ páàdì, afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n fọn ohùn tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n ń pè ní B flat, nítorí pé gbogbo ihò gbọ́dọ̀ dé pa kí ohùn yẹn tó jáde dáadáa. Èyí tó ń dán jù nínú àwọn tí a wò ń jò káàkiri. Yamaha kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí ló fọn B flat yẹn láìgbọ̀n, òun ni mo sanwó fún. Mo tún ra okùn ọrùn tó ní fóòmù, nítorí èyí tó bá a wá tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń jẹ ènìyàn lọ́rùn.

Idẹ ni ara saxophone láti ìgbà tí Adolphe Sax, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó kọ́kọ́ ṣe é, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Paris lọ́dún 1846, ṣùgbọ́n ìféfé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní reed ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Nọ́ńbà ara reed ló ń sọ bó ṣe le tó; nọ́ńbà 2 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. 3 le jù fún ẹnu tí kò tíì gbó. Ọyẹ́ Abuja ni ọ̀tá reed. Etí rẹ̀ á gbẹ, á lọ́, nígbà míì á sì là. Inú ike tó ní ìdérí ni mo ń kó tèmi sí, pẹ̀lú òwú tó tutù díẹ̀ tí kò kan reed, mo sì máa ń ṣí i lóòrèkóòrè kó má baà bu.

Ohùn la fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orin. Mouthpiece, ìyẹn ibi tí a ń fi ẹnu sí, àti reed nìkan ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Eyín òkè á dúró lórí mouthpiece, ètè ìsàlẹ̀ á ká bo eyín ìsàlẹ̀ díẹ̀, igun ẹnu á mú un pinpin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò sì gbọdọ̀ wú. Tí ẹnu bá tọ́, mouthpiece alto nìkan á fúnni ní ohùn tó sún mọ́ A lórí ohun tí ń wọn ohùn nínú fóònù.

Saxophone kò mọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àgbàlá wa sì kún. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájà, ọmọ Ìlọrin tó ni ilé: “Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo fẹ́ máa fọn fèrè díẹ̀ nírọ̀lẹ́.” Wọ́n ní, “Kó ti parí kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì o, ọmọ mi.” Mò ń pa á mọ́.

Ohùn mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ọwọ́ òsì ń fọn ni B, A àti G: ìka kan, ìka méjì, ìka mẹ́ta. Nígbà tí mo fọn wọ́n tẹ̀ léra, orí mi wú: mí, re, dò! Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè wa rèé. Mo bá fọn “Ẹ kú iṣẹ́”: A, B, A, B. “Olúwa”: A, B, A. “Bàbá”: G, B. Ohun tí onídùndún ń fi awọ sọ ni mo ń fi èémí sọ. Mo fọn oríkì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, G, G, B, wọ́n sì dá mi lóhùn láti yàrá. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ahọ́n. Níbi tí kọ́ńsónáǹtì bá ti bẹ̀rẹ̀ sílébù, mo máa ń fi ahọ́n kan reed. Níbi tí fáwẹ́lì bá ti so mọ́ra, mo máa ń jẹ́ kí èémí ṣàn lọ.

Bíbá kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ṣe orin pọ̀ ló wá kàn. Ohùn E flat ni wọ́n ṣe alto sí, nítorí náà C tèmi ni E flat ti kíbọ́ọ̀dù. Bí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù bá wà lórí F, D ni èmi ń lò. Bó bá wà lórí G, E ni. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí saxophone, báyìí mi ò wò ó mọ́ kí n tó bá wọn gbé orin ọrẹ. Ohun tí mo ń bá yí lọ́wọ́ ni ohùn ìsàlẹ̀, láti D lọ dé B flat. Ibẹ̀ ń fẹ́ kí ọ̀fun ṣí sílẹ̀, kí èémí gbóná, kó sì dúró déédéé, ọ̀gá mi sì ti ní a ò ní kúrò níbẹ̀ títí ọyẹ́ á fi lọ.