Jíjẹ Ewé ní Tútù Lásìkò Ọyẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ọyẹ́ o.

Létúùsì, ewé tí a fi ń ṣe sàláàdì, kò fẹ́ràn ooru. Bí ooru bá mú un, á nà sókè, á yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á sì korò bí ewúro. Ìdí nìyí tí oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní fi dára fún un níhìn-ín, nítorí òru a máa tutù. Ó sì bá ara mu lásìkò tí ètè ń bó, torí nínú ìdá 100 létúùsì, nǹkan bí 95 ló jẹ́ omi. Iná a máa ba fítámì C jẹ́. Ewé tí a jẹ ní tútù kò pàdánù tirẹ̀. Ẹ kán òróró díẹ̀ sí i, kí ara lè rí fítámì A inú ewé náà lò.

Lóko

Hóró létúùsì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù, ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Ẹ wọ́n ọn sórí ebè, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò gbọdọ̀ débẹ̀: létúùsì á ti tó kórè kí ìgbẹ́ náà tó jẹrà tán. Èyí tó ti dúdú, tí kò rùn mọ́, ni kí ẹ lò.

Omi ló ń kó wa sí wàhálà jù. Àkùrọ̀ etí odò Ala dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárín ìlú ni odò náà gbà kọjá, gbogbo gọ́tà ló sì ń dà sínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní kànga, ẹ pọn omi odò sínú dúrọ́ọ̀mù, kó tòrò fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹyin aràn rì sísàlẹ̀. Òkè ni kí ẹ ti bù ú, ẹ má rú u. Ìdí ewé ni kí ẹ bomi sí, kì í ṣe orí rẹ̀.

Nílé

Ẹ ti rí i lórí àtẹ: ìyá oníṣòwò á ki ọwọ́ bọ abọ́ omi, á wọ́n ọn sórí ewé kó má baà rọ. Omi àárọ̀ náà ló ń lò títí di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, ewé tó ń dán kọ́ ni ewé tó mọ́.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ sọ ewé tó wà lẹ́yìn nù, ẹ já ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣàn wọ́n lábẹ́ omi tó mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ wọ́n sínú fínígà ife kan sí omi ife mẹ́ta, kí ẹ tún ṣàn wọ́n. Iyọ̀ lásán á lé kòkòrò tí ojú ń rí jáde. Apá rẹ̀ kò ká kòkòrò táífọ́ọ̀dù. Aláboyún àti ọmọ kékeré, ẹ bọ tiwọn.

Ẹ dé ewé náà pa. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà Lassa, àìsàn tí eku ń kó ran èèyàn, ti ń jà jù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń gbilẹ̀. Ìtọ̀ eku kì í hàn lára ewé. Èyí tí eku bá ti jẹ, dídànù ni.

Bí létúùsì bá wọ́n, yánrin ń bẹ. Òun náà ṣeé jẹ ní tútù. Ewé ẹ̀gẹ́ kò ṣeé jẹ bẹ́ẹ̀, májèlé wà nínú rẹ̀. Sàláàdì tí a ti po kríìmù mọ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta, torí ọ̀sán ọyẹ́ kì í tutù bí àárọ̀ rẹ̀.