Bí tíìmù tí ò lówó ṣe lè máa bá àwọn olówó figagbága

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó ọmọ bọ́ọ̀lù jọ l'Adó, n'Ìjerò, n'Ìkọ̀lé, ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára o: a ó tọ́ ọmọ títí á fi mọ bọ́ọ̀lù gbá, olówó kan á wá fi bàtà àti owó mọ́tò tàn án lọ, ọwọ́ wa á ṣófo.

Ẹ wo Tampa Bay Rays tó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù l'Amẹ́ríkà, owó tí wọ́n ń ná lórí pléyà ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yankees tó jẹ́ tíìmù olówó, síbẹ̀ wọ́n dé World Series, ìyẹn àṣekágbá ìdíje bésíbọ́ọ̀lù wọn, ní 2008, wọ́n tún débẹ̀ ní 2020. Wọn kì í dúró kí ọjà wọn ṣá kí wọ́n tó tà á. Ní July 2018, Chris Archer tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, ni wọ́n bá fún tíìmù Pittsburgh, wọ́n gba Tyler Glasnow, ọmọ ọdún 24, àti Austin Meadows, ọmọ 23, Shane Baz tó jẹ́ ọmọ 19 péré ló dé kẹ́yìn. Ẹnì kan lọ, ẹni mẹ́ta wọlé, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú Meadows sínú All-Star, ìyẹn tíìmù àwọn pléyà tó ta yọ jù lọ́dún náà.

Torí náà tí kílọ́ọ̀bù ńlá bá béèrè ọmọ yín tó ń ta yọ, ẹ má wo owó nìkan, ẹ ní kí wọ́n fi ọmọ méjì tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn kún un, kẹ́ ẹ sì ti lọ wò wọ́n kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà.

Tẹ́ ẹ bá ń yan ọmọ, ẹ má wo gíga. Mo rí ọmọ kékeré kan lórí pápá yẹ̀pẹ̀ pupa, sọ́ọ̀kì ẹsẹ̀ kan ló wọ̀, wọ́n gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó lé ẹni yẹn títí ó fi gbà á padà, mi ò dúró kí wọ́n gbá a tán kí n tó wá ìyá ẹ̀ lọ.

Ìwé ló wá ṣe pàtàkì jù. Ọmọ tá a tọ́ fún ọdún mẹ́ta ti bọ́ sókè òkun, kọ́bọ̀ ò kàn wá, torí a ò forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ rí. Òfin FIFA ni pé tí wọ́n bá ra pléyà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, 5% owó yẹn jẹ́ ti àwọn tó tọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23: ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 dé 15 jẹ́ 0.25%, láti 16 sókè jẹ́ 0.5%. Ká ní ẹ tọ́ ọ ní 16, 17, 18, wọ́n wá rà á ní mílíọ̀nù kan dọ́là, $15,000 ni tiyín, bọ́ọ̀lù àti owó mọ́tò ọdún mélòó nìyẹn! Ẹ kọ orúkọ ẹ̀, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, kí òbí ẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i kó tó wọ pápá lẹ́ẹ̀kejì.