Bí ọrùn ọwọ́ mi ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìrora gángan

Gángan ni mò ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kàbà. Fún oṣù mẹ́ta, tí ìsìn bá ti parí, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi á máa ro mí, àtàǹpàkò á kú tipiri. Mo fi róòbù ra á, mo fi báńdéèjì dì í. Ọjọ́ Ìsinmi kejì, ó tún dé.

Bàbá onílù kan láti Ìsánlú ló wò mí títí: "Ìwọ ọmọ yìí, o fún kọ̀ǹgọ́ lọ́rùn bí ẹni mú adìyẹ!"

Mo dẹ ọwọ́, mo jẹ́ kí kọ̀ǹgọ́ máa ta padà fúnra rẹ̀ lára awọ. Mo gé okùn èjìká kúrú, mo sì ń sinmi díẹ̀ láàárín orin. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìrora lọ. Tèmi nìyẹn o. Bí tìrẹ bá ń wú, dókítà ni.